Ère Tí Mo Sá Sóòrùn

Lábà wa lọ́nà Isundunrin, iṣu àti ẹ̀gẹ́ ni wọ́n mọ̀. Bàbá mi a máa sọ pé igi gbígbẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ ìdílé wa, pé ìdílé tó ni ín ló ń kọ́ ọmọ rẹ̀. Èmi ò ní ọ̀gá. Ẹ̀rúkọ́ ni mo fi kọ́ ara mi: mo ń gbẹ́ orí èèyàn sí ìdí rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ọkọ́ mi lójú jù mí lọ.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, ìyàwó mi bí ìbejì, ọkùnrin méjèèjì. Ọyẹ́ ò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ tí èyí tó kọ́kọ́ dé fi lọ. A kì í sọ pé ìbejì kú. Wọ́n ní ó lọ sí Èkó. Láti ọjọ́ náà ni ìkejì rẹ̀ ti kọ ọmú. Gbogbo ìyá àgbà ló ń sọ ohun kan náà: ẹ tètè gbẹ́ ère èyí tó lọ, kí ìyá pọ̀n ọ́n, kó sì máa bọ́ ọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èyí tó kù á wá a lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì là ń lọ. Bàbá ìjọ ní ìbọ̀rìṣà ni. Ìyàwó mi ní ó dáa, kí wọ́n wá bá òun fún ọmọ lọ́mú.

Ó ní, "Bàbá ìbejì, ẹ gbẹ́ ẹ fúnra yín. Ẹ̀yin lẹ mọ ojú rẹ̀."

Mo gé igi tútù, mo gbẹ́ ẹ. Ojú ọmọ mi gan-an ni. Mo gbé e sórí àpáta tí a ti ń sá èlùbọ́. Kí ni àgbẹ̀ mọ̀? Ohun tó bá tutù, oòrùn ni. Nígbà tí mo padà débẹ̀, ó ti là láti iwájú orí dé àgbọ̀n.

"Yéè! Ẹ ti pa á lẹ́ẹ̀kejì!" Bí ìyàwó mi ṣe kígbe nìyẹn. Ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò tiẹ̀ sunkún mọ́. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

Mo gbé ère tó là náà, mo sáré lọ sí Ifẹ̀-Ọ̀dàn, sọ́dọ̀ bàbá arúgbó kan tí wọ́n bí sínú iṣẹ́ igi gbígbẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní kí wọ́n bá mi gbẹ́ ẹ. Wọ́n ní ti àwọn tó ṣáájú mi ṣì wà nílẹ̀. Mo ní kí wọ́n kọ́ mi nígbà náà. Wọ́n fọwọ́ pa ojú tó là náà, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Àgbẹ̀! O sá ọmọ sóòrùn bí ẹni sá èlùbọ́! Ṣé o ò mọ̀ pé abẹ́ ewé ni igi tútù ń gbé títí iṣẹ́ á fi tán?"

Ẹ̀rín yẹn dùn mí wọ eegun. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tí wọ́n sọ.

Mo gé ìtì mìíràn, mo là á sí méjì. Mo fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo ìlàjì kan lábẹ́ igi, mo ń gbẹ́ èkejì lábẹ́ ibòòji. N ò roko mọ́, èpò gba oko iṣu mi. Mo ń bẹ Ọlọ́run, mo ń bẹ igi, mo ń bẹ ọmọ tó wà ní Èkó pé kó jọ̀ọ́, kó má pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ère náà kò là. Mo fi òrí pa á títí ó fi ń dán, mo fi aṣọ wé e, mo sáré gba ilé lọ. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́.

Ìyàwó mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ọ̀já rẹ̀ wà nílẹ̀. Ó gba ère náà, ó wo ojú rẹ̀ pẹ́.

Ó ní, "Ó jọ ọ́." Ó wá ní, "Bàbá ìbejì, òun náà ti lọ sí Èkó. Ẹ lọ gbẹ́ ìkejì."

Mo padà sábẹ́ igi. Ìlàjì tí mo fi ewé bò ṣì tutù.