Ìwé Kejì Tí Kò Dùn Tó Àkọ́kọ́

Mo rántí òórùn gbódó tó ń gbẹ lórí àpáta nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ní Òsì, níbi tí mo ti ń ṣe tíṣà nígbà tí irùngbọ̀n mi kò tíì kún. Iṣu tí wọ́n bọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n sì sá sóòrùn a máa kan díẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, ó di bí ọjọ́ kẹrin kó tó máa ta sánsán. Àpáta pẹrẹsẹ kan wà lẹ́bàá ọ̀nà odò, ibẹ̀ ni ìyá arúgbó kan ti máa ń sá tirẹ̀. Opó ni. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ń wa kùsà ní Jọ́ọ̀sì, òun nìkan ló sì kù sí yàrá ọkọ rẹ̀ nínú agbo ilé tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa. Kò ráyè jókòó ti gbódó, nítorí náà ó fi àálè sí i bí àwọn àgbà ti máa ń ṣe: ó so àjákù ìgbálẹ̀, ìkarahun ìgbín àti àkísà gèlè pupa mọ́ igi, ó ri igi náà mọ́ ibi tí àpáta ti sán, ó sì bá tirẹ̀ lọ sóko. Àálè kò lè lé ewúrẹ́, ṣùgbọ́n ènìyàn tó bá rí i ti mọ̀ pé nǹkan náà ní olówó, àti pé ohun tójú olè bá rí, kó fara mọ́ ọn.

Èmi ní tèmi, ìwé ni mò ń kọ. Mo fẹ́ kọ ìwé tí yóò da jìnnìjìnnì bo ẹnikẹ́ni tó bá kà á. Mo dá iwin kan sílẹ̀ látinú orí ara mi, mo pè é ní Afẹ̀yìnrìn, nítorí pé ẹ̀yìn ló fi ń rìn: ẹni tó bá rò pé ó ń lọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ gan-an ló ń bọ̀. Mo ní àmì kan máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà ẹni tó bá fẹ́ gbé lọ. Mo wá àmì yìí títí, n kò rí. Lọ́jọ́ kan tí mò ń ti odò bọ̀, mo rí àálè ìyá arúgbó, mo jókòó sórí àpáta, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé bó ṣe rí gẹ́lẹ́: àjákù ìgbálẹ̀, ìkarahun ìgbín, àkísà gèlè pupa. N kò tilẹ̀ yí àwọ̀ gèlè padà. Ọ̀lẹ ni, ṣùgbọ́n mo rò nígbà náà pé ọgbọ́n ni. Mo wá parí ìwé náà síbi tí Afẹ̀yìnrìn ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọdẹ, tó fi ẹ̀yìn rìn wọ inú àpáta kan lẹ́bàá ọ̀nà odò, tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ ọjọ́ tí yóò jáde.

Ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Ìlọrin ló bá mi tẹ̀ ẹ́. Àwọn tó lè kàwé ní ìlú nígbà náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n télọ̀ tó wà níwájú ọjà lè kà á, ohùn rẹ̀ sì ju ìwé lọ. Bó bá ti di ọ̀sán tí àwọn ará oko bá ti kún orí bẹ́ǹṣì rẹ̀, á gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí maṣíìnì, á ṣí ìwé, á bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Tó bá dé ibi tí Afẹ̀yìnrìn ti ń bọ̀, á dìde, á kẹ̀yìn sí wọn, á máa fi ẹ̀yìn rìn bọ̀ lọ́dọ̀ wọn díẹ̀díẹ̀ láàárín àwọn aṣọ tó fi kọ́. Mo rí géńdé àgbẹ̀ kan tó fi àdá rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ tó sá lọ lójú ọ̀sán gangan. Èmi a máa dúró lẹ́yìn fèrèsé, mà á máa gbọ́ igbe wọn, inú mi a sì máa dùn bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Àwọn àgbà ní ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Kò pé oṣù kan tí ọmọbìnrin kan tó lọ pọnmi fi sáré wọ̀lú, igbá rẹ̀ ti fọ́ sọ́nà, ó ní òun rí àmì Afẹ̀yìnrìn lórí àpáta. Ìgbálẹ̀, ìkarahun, gèlè pupa, kò sí ọ̀kan tó yẹ̀. Àálè tí wọ́n ti ń rí láti kékeré ni o, àálè tí ìyá wọn náà ń fi sórí igi ìdáná! Ṣùgbọ́n ìwé mi ti gba ojú wọn, ó ti fi ojú mìíràn rọ́pò rẹ̀. Kí ìyá arúgbó tó ti oko dé, gbogbo ìlú ti mọ ẹni tó ri àmì náà mọ́lẹ̀. Wọn kò bá a jà. Ì bá sàn kí wọ́n bá a jà. Òkèèrè ni wọ́n ti ń kí i, wọn kò ra gbódó rẹ̀ mọ́, wọ́n sì ń gba ọ̀nà jíjìn lọ sódò. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, bẹ́ǹṣì tí ènìyàn márùn-ún máa ń há ara wọn mọ́ wá ku òun nìkan lórí ẹ̀. Mo jókòó lápá ibi tí àwọn tíṣà ń jókòó sí, mò ń wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ bó ṣe ń kọrin, ojú sì ń tì mí.

Ọmọ kékeré kan nínú agbo ilé náà wá ń ṣàìsàn. Ibà lásán ni, ọmọ sì gbádùn kí ọ̀sẹ̀ tó yípo, ṣùgbọ́n ibà náà ti tó wọn ṣèpàdé. Baálé ilé, tó jẹ́ àbúrò ọkọ ìyá náà, kì í ṣe ìkà ènìyàn. Ó ní bí iṣu tuntun bá ti jáde, kí ọmọ ìyá wá láti Jọ́ọ̀sì wá mú un lọ, kí ọkàn ìlú lè balẹ̀. Ìyá tí kò kọjá Ọ̀mù-Àrán rí láyé rẹ̀! Wọ́n ní gbólóhùn méjì péré ló fi dá wọn lóhùn pé: "Ulé ọkọ mi nìyí. Ibi tí wọ́n sin ín sí ni ẹ ó sin èmi náà sí."

Ọ̀rọ̀ yìí ni kò jẹ́ kí n lè jẹun. Mo gbọ̀nà ilé baálé lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá télọ̀ níbẹ̀ tó ń wọn baba fún agbádá. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Baba, irọ́ ni mo pa sínú ìwé yẹn," mo ní. "Kò sí Afẹ̀yìnrìn níbì kankan. Àálè ìyá ni mo wò kọ."

Baba wò mí tàánútàánú. "Tíṣà, ṣé ọwọ́ lo fi kọ ùwé ọ̀hún ni, àbí wọ́n tẹ̀ ẹ́?"

"Wọ́n tẹ̀ ẹ́ ni, Baba."

"Irin ni wọ́n fi tẹ Bíbélì. Irin náà ni wọ́n fi tẹ tìrẹ. Ṣé irin ń purọ́ ni?"

Mo yíjú sí télọ̀ pé kó gbà mí. Ó yọ okùn ìwọnṣọ kúrò lọ́rùn baba, ó ní, "Àánú ìyá ló ń ṣe é. Tíṣà, ìwọ lo kọ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n o lè má mọ ohun tí ojú rẹ rí."

Baálé ní kí n dìde. Ó ní òun kò kọ ọ̀rọ̀ mi, ṣùgbọ́n ohun tí ùwé bá ti wí, ẹnu lásán kò lè pa á jẹ. Bí ùwé mìíràn bá sọ̀rọ̀, àwọn yóò gbọ́. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Gbogbo ìgbà tí mò ń gbàdúrà kí àwọn èèyàn gba ìwé mi gbọ́, n kò rántí béèrè pé kí wọ́n gbà mí gbọ́ pẹ̀lú.

Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ ìwé kejì. Mo kọ́kọ́ rò pé kí n pa Afẹ̀yìnrìn ní ojú ewé kìíní kí n sì máa lọ, ṣùgbọ́n mo mọ àwọn èèyàn mi. Wọ́n á ní, ó dára, ó kú, ta ló wá ń bá a ri àmì? Mo tún ìwé kìíní kà láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì rí ohun tí èmi tí mo kọ ọ́ kò ṣàkíyèsí: gbogbo ẹni tí Afẹ̀yìnrìn gbé lọ ló ti fi ẹ̀rù fa àmì náà tu. Mo fò sókè lórí ìjókòó mi. Nínú ìwé kejì, mo jẹ́ kó hàn pé ìyá arúgbó kan ló ń lọ ri àmì náà mọ́ ẹnu ọ̀nà àwọn aládùúgbò rẹ̀ láti fi dáàbò bò wọ́n. Olè ni Afẹ̀yìnrìn, olè sì ń bẹ̀rù àálè. Ibi tí àálè bá dúró sí, kò lè kọjá. Níkẹyìn ìyá náà ri ọ̀kan sẹ́nu ihò àpáta, Afẹ̀yìnrìn kò lè jáde, ó ń gbóòórùn gbódó lójoojúmọ́ kò lè mú ọ̀kan jẹ, ebi sì pa á kú síbẹ̀. Àwọn ará ilé ìtẹ̀wé kọ̀wé sí mi pé ìparí yìí kò dẹ́rù bani. Mo bẹ̀ wọ́n, mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀rùn ti lọ nígbà náà, òjò ti ba ọ̀nà jẹ́. Lọ́rì tó ń gbé ìwé bọ̀ rì sẹ́rẹ̀, mo fẹsẹ̀ rìn lọ pàdé rẹ̀, orí mi ni mo fi ru ìdì ìwé wọ̀lú. Wọ́n ti ń wa iṣu tuntun nínú oko àwọn kan.

Mo tún lọ dúró sẹ́yìn fèrèsé télọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ojú àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ni mò ń wò. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi kà á. Kò sẹ́ni tó figbe ta, kò sẹ́ni tó gbàgbé àdá. Nígbà tó dé ìparí, àgbẹ̀ kan pòṣé. Télọ̀ pa ìwé dé, ó ní, "Ebi? Ebi ló pa Afẹ̀yìnrìn?" Ó jáde wá bá mi níbi tí mo sá pamọ́ sí, inú ń bí i bí ẹni tí wọ́n jí abẹ́rẹ́ rẹ̀ gbé. Ó ní mo ti ba nǹkan jẹ́. Tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kan ní Ìlọ́fà kọ lẹ́tà pé òun ka ìwé kìíní lẹ́ẹ̀mẹta, ìwé kejì ni òun sì fi sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì. Katikísì kan láti Odò-Ọwà nìkan ló yìn mí. Ó ní mo ti wá kọ ohun tó lẹ́kọ̀ọ́ nínú nígbẹ̀yìn. Ìyìn yẹn dùn mí ju èébú àwọn yòókù lọ.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì tí télọ̀ parí ìwé, àwọn obìnrin méjì láti agbo ilé náà lọ bá ìyá arúgbó pé kó bá àwọn so àálè sẹ́nu ọ̀nà. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ti di mẹ́fà. Ọmọbìnrin tó fọ́ igbá ló ń bá a di igi mú. Mo gbọ́, n kò gbàgbọ́, àfi ìgbà tó di ọjọ́ Ìsinmi tí mo wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Bẹ́ǹṣì ti kún. Wọ́n há a mọ́ àárín débi pé apá rẹ̀ kò ráyè ṣí ìwé orin, ọmọ ọlọ́mọ sì wà lórí itan rẹ̀ tó ń fa gèlè rẹ̀. Baálé kò mẹ́nu ba Jọ́ọ̀sì mọ́. Iṣu tuntun ló gbé ránṣẹ́ sí i. Èémí tí mo ti há mọ́yà láti ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀, ọjọ́ yẹn ni mo tó mí i. Mo sunkún díẹ̀ sínú áńkáṣíìfù mi, àwọn ọmọ ilé ìwé rò pé ìwàásù ló wọ̀ mí lára.

Ọ̀gbẹlẹ̀ tún dé. Ìyá arúgbó rí mi lọ́nà odò, ó ké sí mi lórí àpáta.

"Tíṣà, wọ́n ní ùwé méjì lo kọ tí ọ̀rọ̀ mi wà nínú ẹ̀. Kò sẹ́ni tó kà á fún mi rí."

Mo wá rántí pé òótọ́ ni. Gbogbo wa ti ka ìwé náà tán, àfi ẹni tí ìwé náà fẹ́ lé nílé. Mo lọ mú un wá. Mo kọ́kọ́ jẹ́wọ́ fún un pé àálè rẹ̀ ni mo wò kọ, ó fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ sọ́nù, ó ní kí n máa kà. Ó ń yí gbódó, mò ń kà. Bí mo ṣe ń ka ìwé kìíní, ojú ń tì mí, ṣùgbọ́n òun ń lọgun, ó ń pàtẹ́wọ́, ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. "Yéè! Ó tún ń bọ̀!" Nígbà tí mo ka ìwé kejì, gbódó rẹ̀ nìkan ló ń yí. Mo ka ìparí tán, mo dúró. Ó wá mú gbódó kan, ó dá a sí méjì láti wò ó bóyá ó ti gbẹ.

"Ọmọ mi," ó ní, "tàkọ́kọ́ dùn jù ú lọ." Ó wò mí dáadáa. "Ṣé torí mi lo ṣe bà á jẹ́?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀, èmi náà bá a rẹ́rìn-ín. Ó bu gbódó sínú fìlà mi, ó ní kí n máa lọ.

Ó lo ọ̀pọ̀ ọdún sí i lẹ́yìn ìyẹn, ilé ọkọ rẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí. Èmi náà ti darúgbó báyìí, mo sì ti kọ àwọn ìwé mìíràn. Títí di òní, tí mo bá lọ sílé fún òkú àgbà tàbí ọdún, ẹnìkan kò ní ṣàì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti sọ fún mi pé ìwé mi kejì kò dùn tó ti àkọ́kọ́. Àwọn ọ̀dọ́ a máa rò pé inú yóò bí mi. Mo máa ń dì mọ́ wọn ni.