Orin Tí A Fi Imú Kọ

Ọmọ Ìmọ̀ta ni mí, ṣùgbọ́n Ìgbògbò ni mo ti ń tún ọ̀kádà ṣe. Ìwé márùn-ún ni mo kà, ìkarùn-ún yẹn gan-an, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á. Lọ́jọ́ tí a jáde fẹ̀hónú hàn torí ilẹ̀ oko wa ní Ìmọ̀ta tí àwọn èèyàn ìjọba fẹ́ gbà, èmi ni mo pariwo jù. Èmi náà ni àwọn ọlọ́pàá kọ́kọ́ mú. N kò mọ eré sá.

Àwa mẹ́fà ni wọ́n kó lọ sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n tì wá mọ́ yàrá kan. Wọ́n gbé ìwé wá: ẹni tó bá fọwọ́ sí i pé ilẹ̀ náà kì í ṣe ti bàbá òun, kó máa lọ sílé. A ò fọwọ́ sí i. Orin la ṣe: "Ilẹ̀ ni, ilẹ̀ ni, ilẹ̀ bàbá wa ni." Ẹ̀yin náà rí i pé kò gba ọpọlọ púpọ̀. Èmi ni mo ṣe é. À ń kọ ọ́ láàárọ̀, lọ́sàn-án, àwọn ìyàwó wa tó ń gbé oúnjẹ wá fún wa ń gbè é níta.

Inú bí ọ̀gá tó ń ṣọ́ wa. Ó ní ẹni tó bá tún la ẹnu kọrin, ẹbí rẹ̀ ò ní wá kí i mọ́. Gbogbo wa dákẹ́ wẹ́lo.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án, ó sú mi. Ká má purọ́, ìkọ́kọrẹ́ gbígbóná ìyàwó mi ló ń pè mí. Mo ní kí ọ̀gá mú ìwé yẹn wá. Gẹ̀ẹ́sì ni. Orúkọ mi nìkan ni mo lè kà níbẹ̀, wọ́n sì ṣì í kọ. Mo gba bíró lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá àgbẹ̀ tó dàgbà jù láàárín wa ò bá mi wí. Ó kàn pa ẹnu dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú kọ orin wa. Èdè wa yìí, béèyàn bá fi imú sọ ọ́, ohùn rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ náà ni. Kí n tó mọ̀, àwọn mẹ́rin yòókù ti gbè é. Orí mi wú, bíró dúró sí mi lọ́wọ́, imú tèmi náà bá dá sí i.

Ọ̀gá fò dìde. "Ta ló ń pe ìjọba ní olè níbí?"

Bàbá rọra dá a lóhùn pé, "Ọ̀gá, a ò la ẹnu o. Ilẹ̀ làwa ń kọ. Ẹ̀yin lẹ gbọ́ olè."

Òótọ́ ni. Ilẹ̀ àti olè, ohùn kan náà ni nínú imú. A ò tiẹ̀ rò ó débẹ̀. Ọ̀gá ló bá wa parí orin. Ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó yáa sọ ọ́ di ikọ́. Ọ̀gá já ìwé gbà lọ́wọ́ mi, ó jáde. À ń kùn títí ọjọ́ fi rọ̀, àwọn obìnrin ń fi imú dá wa lóhùn láti ìta. N ò gbádùn ara mi tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lọ́yà gba béèlì wa. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣì wà ní kóòtù, ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ mi wà lórí ẹ̀.

Nígbà tí ìyàwó mi ń fọ ṣòkòtò tí mo wọ̀ bọ̀, ó fa bíró kan yọ, ó ní ta ló ni ín. Bíró ọ̀gá ni. Nínú gbogbo àwa tó wà ní yàrá yẹn, èmi nìkan ni olè.