Òǹtẹ̀ Tí N Kò Bèèrè Lẹ́ẹ̀mejì

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ọ́fíìsì Àǹtí Rónkẹ́, mo bi wọ́n pé, "Mà, ibo ni ọkọ̀ ojú omi máa ń gúnlẹ̀ sí ní Dallas níbí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Ọmọ dáadáa, kò sí òkun ní Dallas. Inú kọ̀ǹpútà yìí ni òkun tiwa wà."

Ìwé mẹ́wàá nìkan ni mo kà. Tiwa, ọmọbìnrin mi, ò tíì pé ọmọ ọdún méjì, yàrá kan la sì ń gbé ní àdúgbò Vickery Meadow. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, bí ẹnì kan ò bá ṣe nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe. Èmi ò ní sátífíkéètì iṣẹ́ kankan tí mo lè nà sí ẹnikẹ́ni. Àǹtí Rónkẹ́, tí wọ́n ń bá àwọn oníṣòwò kó ẹrù wọlé láti Spain, ló ní kí n wá fi oṣù mẹ́ta dán an wò. Bí mo bá ṣe dáadáa, wọn á gbà mí pátápátá. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mi ò mọ ibi tí mo tún máa yà sí.

Wọ́n lẹ àwòrán ilẹ̀ Spain mọ́ ògiri iwájú mi, wọ́n ní kí n mọ àwọn èbúté ibẹ̀ bí mo ṣe mọ àwọn ará ilé wa. Bilbao lókè lọ́hùn-ún, irin ló ń kó jáde. Barcelona ń kó mọ́tò. Valencia ló ni ọsàn àti táìlì, torí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń sun táìlì ò jìnnà sí i. Algeciras ní ìsàlẹ̀ pátápátá, tó kọjú sí Áfíríkà, ọ̀pọ̀ ẹrù tó ń gba ibẹ̀ kì í ṣe ti ibẹ̀ rárá: ọkọ̀ kan á já wọn sílẹ̀, òmíràn á wá gbé wọn. "Bí ẹni tó sọ̀ ní Ìwó Road, tó wọ bọ́ọ̀sì mìíràn," ni Àǹtí wí.

Ohun kan wà tí Àǹtí kì í fi ṣeré, òun ni igi. Orí pákó ni wọ́n ń to páálí táìlì sí nínú kọ̀ǹténà. Kòkòrò lè sá pamọ́ sínú pákó, nítorí náà wọ́n ní láti fi ooru pa ohun tó wà nínú ẹ̀, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí i lára. Bí àwọn aṣọ́bodè Amẹ́ríkà bá rí igi tí kò lóǹtẹ̀, wọ́n lè ní kí gbogbo ẹrù náà padà síbi tó ti wá. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ rí fọ́tò òǹtẹ̀ kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn kọ̀ǹténà.

Bàbá Ọlátúnjí tí ń gbé Rowlett lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dallas, àgbà kan nínú ìjọ wa, máa ń kó táìlì wá tà. Ní oṣù kejì mi, fọ́tò táìlì wọn dé láti Valencia, fọ́tò igi ò sí níbẹ̀. Mo pè wọ́n.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, a ò rí fọ́tò igi."

"Igi wo?"

"Èyí tí táìlì wà lórí ẹ̀ sà. Òǹtẹ̀ tó yẹ kó…"

"Ọmọ yìí, mo ti ń kó táìlì kí ìyá ẹ tó lọ́kọ! Fi sílẹ̀ jàre."

"Ẹ má bínú sà."

Mo fi sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn: bí àgbà bá ti ní ó tó, mo dákẹ́. Níbi tí kọ̀ǹpútà ti ń bèèrè bóyá mo ti rí òǹtẹ̀, mo fi àmì sí i pé mo ti rí i. Ta ló máa mọ̀?

Èmi mọ̀. Oúnjẹ ò wọlé mọ́. Mo gbé iwájú pámpáàsì Tiwa sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo rí i pé wọ́n ti já ẹrù Bàbá sílẹ̀ ní Algeciras, ó ń dúró de ọkọ̀ tó máa gbé e wá sí Houston. Bí ọkọ̀ yẹn bá gbé e, ó ti bọ́ nìyẹn. Mi ò tíì sọ báàgì kalẹ̀ tí mo fi kúnlẹ̀ níwájú Àǹtí.

"Mà, mo purọ́."

"Fún ta ni?"

"Fún kọ̀ǹpútà, mà."

Wọn ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo ro gbogbo ẹ̀ fún wọn tán, wọ́n fa fóònù sí mi. "Ọ̀sán ti pọ́n ní Spain. Dìde, pe ilé iṣẹ́ táìlì."

Ọkùnrin tó gbé e lọ wádìí, ó sì padà wá pẹ̀lú ohùn jẹ́ẹ́jẹ́. Pákó wọn tán lọ́jọ́ náà, wọ́n sì yá díẹ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò wọn, èyí tí kò lóǹtẹ̀. Mo sọ ọ́ fún Àǹtí. Àǹtí pe aṣojú wa ní Algeciras pé kí wọ́n dá kọ̀ǹténà náà dúró, kí wọ́n gbàṣẹ láti ṣí i, kí wọ́n pààrọ̀ igi ẹ̀. Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n ẹrù máa pẹ́.

"Ta ló máa sọ fún Bàbá, mà?"

"Ta ló fi àmì sí i?"

Mo pè wọ́n. Bí mo ṣe jẹ́wọ́ irọ́ náà tán, Bàbá pariwo débi pé mo gbé fóònù jìnnà sí etí. "Kí ló dé tí o ò tẹnu mọ́ ọn lọ́jọ́ náà?"

"Ẹ ní kí n fi sílẹ̀ sà."

"Mo ní kí o fi sílẹ̀, o wá fi sílẹ̀! Ṣé èmi ni aṣọ́bodè?" Wọ́n rọ ohùn wọn sílẹ̀. "Ìwọ lo fẹnu ara ẹ sọ ọ́ fún ọ̀gá ẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

"Hùn." Wọ́n pa fóònù.

Táìlì wọn dé Houston láyọ̀, ó sì bá ọkọ̀ akẹ́rù dé Dallas. Títí dòní, bí Bàbá bá rí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á tọ́ka sí mi: "Ọmọ yìí ló dá ẹrù mi dúró ní Algeciras." Mi ò mọ̀ bóyá ẹjọ́ ni tàbí ìyìn, ṣùgbọ́n èmi nìkan ni wọ́n ń gbé iṣẹ́ wọn fún.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Àǹtí Rónkẹ́. Wọn ò bá mi pa àmì irọ́ yẹn rẹ́; èmi ni wọ́n ní kí n pa á rẹ́, wọ́n sì jókòó tì mí.

Lọ́jọ́ tó pé oṣù mẹ́ta, mo ń yí tábìlì wọn ká láti àárọ̀. Nígbà tó yá, mo ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti gbà mí?"

Wọ́n fa dúrọ́ọ̀, wọ́n yọ lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ jáde. "Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti kọ ọ́. Mo ń dúró kí o fẹnu ara ẹ bèèrè lọ́wọ́ mi ni."

Mo sáré lọ mú Tiwa ní ilé ìtọ́jú ọmọ. "Tiwa, ìyá ẹ ti níṣẹ́ o!"

Ó wò mí lójú dáadáa. "Snack?"

Mo gbé e mọ́ra, mo ń sunkún, mo sì ń tú báàgì wá bisikíìtì.