Asọ̀tàn Tó Mọ Ohun Gbogbo

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, iṣẹ́ tíṣà fẹ́ pa mí lónìí.

Ní kíláàsì àwọn àgbà, mo ń ṣàlàyé asọ̀tàn, ẹni tó ń sọ ìtàn àròsọ fún wa. Mo ka ìtàn apẹja kan tó dá nìkan wà nígbà tó rì sínú òkun.

Ìyá Wùmí, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, nawọ́. Ọkọ rẹ̀ lọ pẹja lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò tíì dé. Ajẹ́lẹ̀ tó ń ṣàkóso ìlú wa kò sì rán ẹnikẹ́ni lọ wá a.

"Tíṣà, ta ló rí i pé ó kú?"

"Kò sẹ́nì kankan, màmá. Asọ̀tàn máa ń mọ ohun gbogbo."

Ó di aṣọ mi mú.

"Ẹ bá mi bi í léèrè ibi tí ọkọ mi wà!"

Mo tú kíláàsì ká. Gbogbo wa ti wà lójú omi báyìí, à ń wá ọkọ rẹ̀.

Ẹ̀yin ará Ayétòrò, ṣé òkun gbé ọkọ̀ kankan wá sọ́dọ̀ yín?