Ẹja Gíláàsì Tí Mo Pè ní Ọmọ Ítálì

Ọjọ́ tí Ẹnjiníà Adémọ̀lá gbé ẹja gíláàsì aláwọ̀ ewé padà wá sí ìsọ̀ wa ní Warri, mo rò pé ó wá dúpẹ́ ni. Èmi ni mo tà á fún un. Èmi náà ni mo búra pé Ítálì ni wọ́n ti ṣe é.

"Rájí, ìyàwó ọ̀gá mi tí mo fi í ta lọ́rẹ, ọmọ Ítálì ni. Ìlú tí wọ́n ti ń fọn gíláàsì gan-an ni wọ́n bí i sí. Ó yí ìdí ẹja yìí wò, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹnì kan kì í ta irú èyí nílùú àwọn. Ojú tì mí, mo gbà á padà."

"Ẹnjiníà, sà, bóyá ó ti pẹ́ tí ìyàwó ọ̀gá yín ti dé ilé kẹ́yìn."

"Ṣé you dey craze ni? Kó tó di Jímọ̀, wá sọ ibi tó ti wá fún mi. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo Ogunu ló máa gbọ́ pé onírọ́ ni ẹ́."

Ogunu, àdúgbò tí àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ epo ń gbé, ló ń bọ́ wa. Nígbà tí owó epo ń ṣàn ní Warri, òyìnbó ń dé, òyìnbó ń lọ. Bí ọ̀kan bá ń padà sílé, a máa lọ ra ẹrù rẹ̀ níbẹ̀, a ó fọ̀ ọ́, a ó tún un tà fún àwọn ará Èkó tí iléeṣẹ́ epo gbé wá. Ọ̀gá mi, Alhaji Làmídì ará Ṣakí, gíláàsì ọ̀ṣọ́ ló yàn láàyò: ìkòkò òdòdó, àwo, ẹyẹ, ẹja. Àwọn oníbàárà wa sì fẹ́ mọ orílẹ̀-èdè tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá, kí wọ́n lè rí nǹkan sọ fún àlejò.

Alhaji kọ́ mi dáadáa. Ìdí ni kí n kọ́kọ́ wò. Èyí tí wọ́n fi ẹnu fọn máa ń ní àpá níbi tí wọ́n ti kán an kúrò lára ọ̀pá irin. Ìdodo la máa ń pè é. Èyí tí wọ́n dà sínú mọ́ọ̀dù máa ń ní ìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà, kí n gbé e sójú oòrùn kí n wo àwọ̀ rẹ̀. Èmi ní tèmi, ọwọ́ oníbàárà ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Bí aago rẹ̀ bá ń dán, Ítálì ni. Bí kò bá dán tó bẹ́ẹ̀, Jámánì ni. Ẹja yìí ní ìdodo lóòótọ́, aago Ẹnjiníà sì ń kọ mọ̀nà.

Mi ò lè sọ fún Alhaji. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Mo gbé ẹja lọ sọ́dọ̀ Màmá Ese, obìnrin Urhobo tó ń ta mínírà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Mo ra mínírà inú ìgò aláwọ̀ ewé tí mo máa ń mu lójoojúmọ́, mo gbé e ti ẹja lórí tábìlì nínú oòrùn, mo wá ń ronú: àbí Faransé ni?

Màmá Ese wo tábìlì. "Rájí, dis your fish and dat bottle, na one mama born dem."

Mo tẹjú mọ́ ọn. Àwọ̀ kan náà ni, kò yẹ̀.

"Mama, where dem dey make dis bottle?"

"No be for dat bottle company wey dey for road? You no dey pass there?"

Mo ń kọjá níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé ẹja dé ẹnu ọ̀nà iléeṣẹ́ ìgò náà. Àwọn ọlọ́dẹ rí i, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n pe Papa Tega tó ń ṣiṣẹ́ nídìí iná.

"Na me make am," ló wí. "When we wan close, glass wey remain, I dey use am make fish for my pikin dem. One oyinbo beg me for one before e go im country." Mo wá rántí: inú ẹrù òyìnbó kan tó ń padà sílé la ti rà á ní Ogunu.

Nígbà tó di Jímọ̀, mo sọ bó ṣe rí fún Ẹnjiníà. Ó ní kí n wọ mọ́tò, ó di ilé ìyàwó ọ̀gá rẹ̀. Mo ń ka Áyátùl Kúrúsíyù nínú ọkàn mi títí a fi débẹ̀.

Ẹnjiníà ṣàlàyé. Obìnrin náà gba ẹja, ó rọra jókòó, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní gíláàsì ni bàbá òun náà ń fọn. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣíwọ́, ó máa ń fi èyí tó ṣẹ́ kù ṣe ẹja fún òun. Ìdí nìyẹn tí ẹnì kan kì í fi í tà á: ti ọmọ ilé ni. Kò gbé ẹja náà sílẹ̀ mọ́ títí a fi lọ. Ẹnjiníà kò bà mí lórúkọ jẹ́ ní Ogunu mọ́.

Inú mi dùn dé ibi pé mo yan dé ìsọ̀, mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún Alhaji. Mo ní, "Ẹ ò rí i pé ó kù díẹ̀ kó jẹ́ Ítálì lóòótọ́?"

Láti ọjọ́ náà, bí ọjà tuntun bá dé, Alhaji yóò ránṣẹ́ pe Màmá Ese kó wá wò ó kó tó pè mí. Nígbà tí èmi náà di ọ̀gá, mo ronú sí ọ̀rọ̀ náà dáadáa, mo sì ń pe Màmá Ese nìṣó.