Bébà Tí Mo Sáìn Láì Kà

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ohun tí mo ṣe fún yín, kẹ́ ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ẹ má tètè bínú sí mi o. Èmi gan-an ti bínú sí ara mi tó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé Weston lókè òkun níbí là ń gbé, àti pé ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọkọ mi ń wa trélà, ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó wọlé. Èmi àti Tiwalọlá, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tá a bí, la jọ máa ń wà. Ọmọ yẹn lẹ́nu! Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, á tẹ̀ lé mi wọ kíṣìnnì, á máa ròyìn: ohun tí tíṣà sọ, àwọn tó jà, ẹni tó ń sunkún nínú bọ́ọ̀sì. Mo máa ń sọ fún un pé kó jẹ́ kí etí mi sinmi díẹ̀.

Nígbà tó dé Grade 12, kíláàsì tó kẹ́yìn ní sẹ́kọ́ńdìrì, ó mú psychology. Mo bi í pé kí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, ó ní bí èèyàn ṣe ń ronú, àti ìdí tá a fi ń ṣe ohun tá à ń ṣe. Mo ní ṣé ìyẹn náà gba ká lọ kọ́ ọ nílé ìwé? Ó rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ó di Sátidé kan, mò ń gbá yàrá ẹ̀, mo rí ìwé kékeré kan lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ṣí i. Haa! Ọ̀rọ̀ mi ló kún inú ẹ̀. Èmi! Ọjọ́, aago, gbogbo ẹ̀ pátá.

"Monday, 4:10. Mum shouted about the plates."

"Tuesday, 5:30. Mum ate standing up. Did not take off her coat."

"Wednesday. Mum said she was not angry. She was."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílùú yìí, ẹ mọ ohun tó wá sí mi lọ́kàn. Ṣebí gbogbo wa là ń gbọ́ ọ, pé bí ọmọ bá ti sọ nǹkan kan nílé ìwé, ìjọba lè wá kanlẹ̀kùn, kí wọ́n sì gba ọmọ lọ? Mo pe Ìyá Dámi, ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé ní Georgetown. Ó ní ṣé òun ò sọ fún mi? Ó ní psychology yẹn ni wọ́n fi ń tú ilé wa wò. Ó ní kí n tètè yọ ọmọ kúrò níbẹ̀, kí wọ́n tó wá yọ ọ́ kúrò nílé mi.

Bí Tiwa ṣe wọlé báyìí, mi ò jẹ́ kó bọ́ bàtà.

"Ta ló ní kó o máa ṣọ́ mi?"

"Mummy, it's my project. Please, give it to me."

"Èmi tí mo bí ẹ, o wá ń kọ ẹ̀ṣẹ̀ mi sílẹ̀?"

"It's not like that. You even signed..."

Mi ò jẹ́ kó parí ẹ̀. Mo fa ìwé náà ya. Ọmọ ò sunkún o. Ó kàn lóṣòó sílẹ̀, ó ń ṣa bébà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lọ́jọ́ Monday, mo wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi kí wọ́n má bàa fojú yẹpẹrẹ wò mí, ó di ilé ìwé. Tiwa jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ro ẹjọ́ fún tíṣà ẹ̀, obìnrin jẹ́jẹ́ kan. Ó gbọ́ mi tán, kò bínú. Ó ní iṣẹ́ tóun fún kíláàsì ni pé kí kálukú yan ẹnì kan tó fẹ́ràn, kó wo ohun tí wàhálà ń ṣe fún ẹni náà, kó sì wá ohun tó lè bá a dín in kù. Ó ní ọmọ kankan ò lè bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹni náà fọwọ́ sí i. Ó wá mú bébà kan jáde.

Sáìn mi rèé! Epo tó wà níka mi láàárọ̀ ọjọ́ tí mo sáìn ín ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ẹ̀yin ìyá: ta ló ń ka àwọn bébà tí wọ́n ń kó bọ̀ láti ilé ìwé? Wọ́n á nà án sí wa, àá ní níbo ni ká sáìn sí, àá sì sáré lọ sí shift.

Ibi tó ń dùn mí jù rèé. Ká ní mo sọ níbẹ̀ pé ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán. Tíṣà ní Tiwa lè tún un kọ. Ọmọ ń wò mí, ó ń retí. Ṣùgbọ́n ojú ń tì mí, ìgbéraga ò sì jẹ́ kí n padà sẹ́yìn. Mo ní mo ti gbọ́, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ psychology fún ọmọ mi mọ́. Mo mọ̀ pé èmi ni mo jẹ̀bi, mo ṣì yọ ọ́!

Tíṣà bi Tiwa pé kí lòun fúnra ẹ̀ fẹ́. Ó ní, "Whatever my mum wants."

Wọ́n fi í sí kíláàsì mìíràn. Ó ti wà ní yunifásítì ní North York báyìí, business ló ń kọ́. Kò bú mi rí, kò gbó mi lẹ́nu rí. Ó kàn dákẹ́ ni. Bí mo bá pè é pé báwo ni, á ní, "I'm fine, Mummy." Mo ní kó jẹ́ kí etí mi sinmi, àbí? Etí mi ti sinmi pátápátá.

Oṣù tó kọjá, mò ń kó ẹrù tó fi sílẹ̀, mo tún rí ìwé náà. Ó ti fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Mo jókòó, mo kà á dé òpin, ohun tí mi ò ṣe lọ́jọ́ kìíní. Ohun tó kọ sójú ewé tó gbẹ̀yìn rèé: "What helps: when I follow her to the kitchen and keep talking. She takes off her coat. Sometimes she laughs."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo sunkún. Mo pè é lójú ẹsẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "It's okay, Mummy. I have class."

Àwọn àgbà ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Èmi fẹ́ fi ọgbọ́n àgbà nìkan dá ilé tèmi. Ẹ jọ̀ọ́, bẹ́ ẹ bá jẹ̀bi ọmọ yín, ẹ sọ fún un níbi tẹ́ ẹ ti jẹ̀bi ẹ̀ gan-an, kó tó di pé ẹ ń wá a lórí fóònù.

Ta ló ti ṣe irú èyí rí nínú yín, tí ọmọ ẹ̀ sì tún padà ń bá a sọ̀rọ̀? Báwo lẹ ṣe ṣe é? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi, bó ti wù kó gùn tó. Lọ́tẹ̀ yìí, màá kà á dé òpin.