Àfẹ́sọ́nà Ọjọ́bọ̀ àti Òṣùpá Àrànmọ́jú

Etelvina ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ìdílé Cantillo ni, òṣùpá ni a sì fi mọ ìdílé náà ní ìlú wa, Caño Hondo, lẹ́bàá odò Magdalena. Eusebio, baba ńlá wọn, tó ń fi ọ̀pá tukọ̀ lórí odò náà, kì í fi àáké kan igi àfi tí òṣùpá bá ń fà sẹ́yìn, nítorí ó ní igi tí a bá gé nígbà tí òṣùpá ń kún, kòkòrò ni a gé e fún. Ọkọ̀ tí ó fi igi tí ó gé nígbà tí òṣùpá ń fà sẹ́yìn gbẹ́ pẹ́ lórí omi ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Eusebio bí Dominga, Dominga sì di agbẹ̀bí. Obìnrin yìí kì í já ọmọ lẹ́nu ọmú láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ jáde sí àgbàlá lọ wo ojú ọ̀run. Dominga bí Abundio, ẹni tó ń fi ọkọ̀ ojú omi kiri ìwé kàlẹ́ńdà ìràwọ̀ láti abúlé dé abúlé. Abundio kò bí ọkùnrin. Ọmọbìnrin méjì ni ó bí: Nicolasa, àgbà, tó fẹ́ràn ìdí ààrò, àti Etelvina, àbúrò, tó fẹ́ràn ìṣirò. Ẹni tó fẹ́ràn ìṣirò ni ó kọ́ ní ọ̀nà àwọn ìràwọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó kú ní ìrọ̀rùn, ní ọjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣírò pé ara òun yóò yá.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ rédíò kékeré kan dé sí ìlú, Etelvina ni wọ́n pè láti máa sọ ohun tí ojú ọ̀run wí. Àràárọ̀ ni ohùn rẹ̀ ń jáde, lẹ́yìn ìkéde òkú, ṣáájú ìròyìn bí omi odò ti ga tó. Ó ń pe ẹnì kọ̀ọ̀kan ní orúkọ ìràwọ̀ tí a bí i sí: àwọn ọmọ Àgbò ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀, a kan àwọn ọmọ Akọ Màlúù, a kan Ìbejì, a kan Akàn, títí dé orí àwọn ọmọ Ẹja, tí wọ́n máa ń ṣàròyé pé kí ó tó kàn wọ́n, kọfí àwọn ti tutù. Ní ọjọ́ tí òṣùpá bá kún, ọ̀rọ̀ rẹ̀ a máa gùn sí i, torí ọjọ́ náà ni ó ń sọ fún ìdílé ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan ohun tí wọ́n ní láti gbà mọ́ra bí ó ti rí, àti ohun tí wọ́n ní láti jọ̀wọ́ rẹ̀ kí ó máa lọ.

A kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré ní Caño Hondo. Aránṣọ kan tó jẹ́ ọmọ Kìnnìún jọ̀wọ́ ayékòótọ́ rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Ẹyẹ náà padà dé ní ọ̀sán, torí òun kò gbọ́ rédíò. Ìyàwó olórí ìlú, ọmọ Àkeekèé, ránṣẹ́ pé kí Etelvina bá òun mú ọ̀rọ̀ ti Àkeekèé rọ̀ díẹ̀, nítorí àwọn àlejò ń bọ̀ wá kí òun. Etelvina dá a lóhùn pé òun kọ́ ni òun to àwọn ìràwọ̀. Ìlànà kan ṣoṣo tí ó ní nìyí: ohun tí ìṣirò bá wí ni yóò kà, kò ní bu iyọ̀ sí i, kò sì ní yọ ata kúrò níbẹ̀.

Obìnrin tó ń sọ fún gbogbo ìlú pé kí wọ́n jọ̀wọ́ nǹkan yìí ní àfẹ́sọ́nà. Lisandro Ospino ni, oníwàràkàṣì, ọmọ Akọ Màlúù, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó sanra tó sì mọ́ tónítóní. Láti ọdún méjìdínlógún ni ó ti fi òrùka sí i lọ́wọ́. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, bí oòrùn bá ti ń wọ̀, Lisandro yóò dé pẹ̀lú wàràkàṣì tí a ká ní ìpele ìpele bí aṣọ, yóò jókòó sórí àga onígi tó ń fì síwá sẹ́yìn, èyí tí òun fúnra rẹ̀ gbé wá torí pé àwọn àga ilé náà kò gbà á. Yóò ní ooru mú. Etelvina yóò ní ooru mú lóòótọ́. Nicolasa yóò gbé kọfí wá. Nígbà tí ó bá yá, yóò dìde, yóò sì lọ sí ilé rẹ̀. Wọn kò ṣàì mẹ́nu kan ìgbéyàwó. Ìyá Lisandro, Màmá Pastora, ti dàgbà, òun nìkan ni ó sì bí. Kò yẹ kí ó fi ìyá sílẹ̀ lọ bá ìyàwó. Bí Màmá bá ti sinmi báyìí, kíá ni. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin ni Màmá Pastora nígbà tí a kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ní àkókò tí à ń wí, ó ti pé àádọ́rùn-ún, eyín rẹ̀ sì dára ju ti Lisandro lọ. Etelvina alára ti lé ní àádọ́ta.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún náà, òṣùpá kún nínú ilé Akàn, ó sì bọ́ sí Ọjọ́bọ̀. Etelvina ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí tábìlì ìjẹun. Ó tún un ṣe. Ó mu omi, ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Ibì kan náà ni ó já sí. Ọmọ Akàn sì ni òun.

Ní ilé iṣẹ́ rédíò, Tulio, ọkùnrin tó ń yí ẹ̀rọ, yọjú wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Àǹtí Etelvina, ti Akàn yìí le o. Ẹ ò ṣe fò ó? Mo lè fi orin dí i.”

“Ṣé orin ló wà lójú ọ̀run?”

“Rárá o, mo kàn ní…”

“Ṣí ẹ̀rọ rẹ, Tulio.”

Ó ka ti Àgbò. Ó ka ti Akọ Màlúù: “Ẹ̀yin ọmọ Akọ Màlúù, ẹ dúró síbi tí ẹ wà. Ẹ gba ohun tí ẹ ní mọ́ra. Ẹ má ṣe sún nǹkan kan kúrò ní ipò rẹ̀.” Ó ka ti Ìbejì. Ó wá ka ti Akàn: “Ẹ̀yin ọmọ Akàn, ohun tí ẹ ti fi ẹ̀mú yín dì mú láti ọjọ́ pípẹ́, tí kò pọ́n, tí kò sì jábọ́, ẹ tú ọwọ́ ká lára rẹ̀ kí òṣùpá yìí tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Ẹ má sunkún ọdún tó lọ. Ẹ̀yin lẹ fi í tọrẹ, ẹnikẹ́ni kò jí i.”

Kò sí ẹni ní Caño Hondo tí kò mọ̀ pé ọmọ Akàn ni Etelvina, kò sì sí ẹni tí kò mọ ohun tí kò pọ́n. Ọ̀rọ̀ wá di ọ̀nà méjì mọ́ ọn lójú. Bí ó bá jọ̀wọ́ Lisandro, òun nìkan ni yóò darúgbó. Bí kò bá jọ̀wọ́ rẹ̀, ìyàwó ojú ọ̀nà ni yóò jẹ́ títí ọjọ́ ikú, gbogbo ohun tí ó sì ti kà fún ìlú láti àárọ̀ ọjọ́ wọnnì yóò di ariwo ẹnu lásán, ní etí tirẹ̀ ṣáájú etí ẹlòmíràn.

Ní ọ̀sán, Nicolasa ń din ẹja.

“Ṣé o máa lé e ni?”

“N ò tíì mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Kọfí ńkọ́? Ṣé kí n sè é àbí kí n má sè é?”

“Ẹ sè é.”

“Ti ẹni méjì ni àbí ti ẹni mẹ́ta?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́.”

“Mo kàn ń béèrè ni. Ìkòkò ló fẹ́ mọ̀.”

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, àwọn aládùúgbò gbé àga wọn síta láti gba atẹ́gùn, gẹ́gẹ́ bí ìṣe gbogbo wa. Ohun tí wọn kì í ṣe ní ọjọ́ mìíràn ni pé wọ́n kọ ojú gbogbo àga náà sí ẹnu ọ̀nà àwọn Cantillo. Lisandro dé pẹ̀lú wàràkàṣì rẹ̀, ó kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wọlé, ó jókòó.

“Ooru mú.”

“Ooru mú lóòótọ́. Lisandro, ṣé ẹ gbọ́ rédíò lónìí?”

“Mo gbọ́ ọ. Wọ́n ní kí n dúró síbi tí mo wà.” Ó fara tì, àga náà sì fì. “Mo ti dúró.”

Ẹnìkan wúkọ́ lójú pópó.

“Ti Akàn ńkọ́?” ni Etelvina béèrè.

“Ti Akàn bí i ti báwo?”

“Ohun tí mo kà fún àwọn ọmọ Akàn.”

“Há, n kì í dé ibẹ̀. Tí o bá ti ka ti Akọ Màlúù tán, mo ti pa á nìyẹn. Bátìrì ni mò ń ṣọ́.”

“Lónìí?”

“Lójoojúmọ́.”

“Láti ìgbà wo?”

Lisandro rò ó dáadáa, torí olóòótọ́ ènìyàn ni. “Láti ìgbà tí rédíò ti dé. Ìbejì ló tẹ̀ lé e, n ò sì ní ìbejì nílé. Lẹ́yìn Ìbejì, kí ló tún kù?”

“Èmi,” ni Etelvina wí.

Bí ẹni tó ń júwe ibi tí àwo iyọ̀ wà ni ó ṣe sọ ọ́. Láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, ó ti gbà pé Lisandro ń gbọ́, ó kàn ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ni. Orí kunkun nìyẹn, obìnrin sì lè dúró de olórí kunkun. Ìlànà rẹ̀ kò jẹ́ kí ó yí ọ̀rọ̀ kan padà rí, ṣùgbọ́n ó máa ń rọra ka ti Akàn, kí ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ lè gbọ́ ọ yé.

“Ẹ dìde, Lisandro.”

“Ṣé kọfí ò sí ni?”

“Kọfí wà. Ẹ dìde kúrò lórí àga.”

Etelvina dojú àga náà dé, ó gbé e lé orí bí ẹni gbé igbá omi, ó sì jáde. Lisandro tẹ̀ lé e pẹ̀lú wàràkàṣì lọ́wọ́, torí kò sí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Òṣùpá ti yọ lẹ́yìn ilé ìjọsìn, ó tóbi bí agbada tí a fi ń yan ẹ̀gẹ́.

“Etelvina, ṣé ká bá ọ gbé e?” ni ohùn kan wí láàárín àwọn tó jókòó.

“Kò wúwo.”

“Lisandro! Wọ́n ní kí ọmọ Akọ Màlúù má sún nǹkan kan o!”

“Ẹ bá mi sọ fún un!” ni Lisandro fèsì.

Ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ni Màmá Pastora jókòó sí, tó ń mu sìgá pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ oníná nínú ẹnu, bí àwọn àgbà obìnrin odò náà ti ń mu ún. Ó yọ ọ́ kí ó lè sọ̀rọ̀.

“Ẹ káalẹ́, Màmá.”

“Káalẹ́, ọmọ mi. Àga ta nìyẹn?”

“Ti Lisandro ni. Mo dá a padà. Òrùka náà rèé.”

“Hẹn-ẹ́n. Mo gbọ́ ọ láàárọ̀. Òbúkọ lèmi, àmọ́ mo máa ń gbọ́ ọ títí dé orí Ẹja.”

“Màmá, ẹ bá a sọ̀rọ̀,” ni Lisandro wí. “Ẹ sọ fún un pé n ò lè fi yín sílẹ̀.”

“Ta ló ní o ò lè fi mí sílẹ̀?”

“Ara yín, Màmá…”

“Kí ló ṣe ara mi? Ta ló ń la igi ìdáná nílé yìí? Ta ló ń se kọfí tí o ń mu jáde láàárọ̀? Etelvina, gbọ́: láti ọdún tó fi òrùka yẹn sí ọ lọ́wọ́ ni mo ti wá nǹkan tí mo fẹ́ fi yàrá rẹ̀ ṣe. Adìẹ ni mo fẹ́ kó sí i. Mo ń wo ọ̀nà títí pé o ó wá mú un. Ìwọ náà ò wá.”

“Wọ́n ní ẹ ò lè dá wà, Màmá.”

“Ẹnikẹ́ni ò bi mí.”

Lisandro ń yẹ wàràkàṣì rẹ̀ wò.

“Ó dáa,” ni Màmá Pastora wí. “Ọ̀rọ̀ ti tán. Àlùfáà wà nílé. Ẹ ṣe é ní Sátidé yìí.”

“Sátidé yìí kẹ̀? Màmá, ọjọ́ ọjà wàràkàṣì nìyẹn.”

“Sátidé tó tẹ̀ lé e, nígbà náà.”

Lisandro yíjú sí Etelvina. “Tí o bá ní kí n ṣe é, màá ṣe é. Ìwọ wí.”

Ohun tí Etelvina ti ń dúró dè rèé, wọ́n gbé e lé e lọ́wọ́ lójú pópó, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí. Ó wò ó dáadáa. Ọkùnrin tí kò ṣe é ní aburú kankan rí ni ó rí, tó ń retí kí a sọ ohun tí yóò ṣe fún un, tí yóò sì máa retí rẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí.

“Màmá, ẹ ṣeun. Ẹ wá ibòmíràn fún àwọn adìẹ. Èmi ò mú un.”

“Ṣé inú ń bí ọ ni?”

“Rárá, Màmá. Ká ní inú ń bí mi ni, ǹ bá fẹ́ ẹ.”

Màmá Pastora rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. “Ọmọ Cantillo ni ọ́ lóòótọ́!”

“Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ wá ńkọ́?” ni Lisandro béèrè.

“Ẹ jókòó sílé, Lisandro. Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé wọ́n ní kí ẹ dúró síbi tí ẹ wà.”

Etelvina sọ àga náà kalẹ̀, ó kí Màmá Pastora pé ó dàárọ̀, ó sì gba ilé lọ. Ó sunkún ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì, kí ó tó lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò. Nicolasa gbọ́, kò wọlé tọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ náà, Etelvina àti Lisandro ń kí ara wọn ní ilé ìjọsìn bí ẹni tó jọ wọ ọkọ̀ kan náà rí. Lisandro kò fẹ́ ẹlòmíràn. Màmá Pastora kò rí yàrá náà gbà títí ó fi kú.

Etelvina lé ní ọgọ́rin ọdún kí ó tó fi ayé sílẹ̀. Kò lọ́kọ, kò bímọ, kò mú òjò rọ̀, kò dá ikú dúró, ìṣirò rẹ̀ sì kùnà nígbà mìíràn, pàápàá nípa ẹ̀kún omi. Ṣáájú rẹ̀, ìfẹ́sọ́nà lè pẹ́ ní Caño Hondo bí ilé oníbíríkì. Ọkùnrin a máa jókòó ní pálọ̀ obìnrin títí irun àwọn méjèèjì yóò fi funfun, a ó sì máa pe èyí ní ìwà pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ tí ó ru àga la ìgboro kọjá, àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọjọ́ ìgbéyàwó lọ́wọ́ àfẹ́sọ́nà, àwọn ọmọbìnrin sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè rẹ̀ kí òbí tó béèrè. Ohun tí ó fi ayé rẹ̀ ṣe nìyẹn. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì dúró.